Ṣé ìyà máa ń kọ́ni lọ́gbọ́n, àbí ó kàn ń jẹni ni?

Olùṣọ́ Òru:

Ẹ kú ìjíròrò, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi. Ọ̀rọ̀ kan ti ń gbé inú mi láti nǹkan bí ọdún kan, mo sì gbé e wá síbí nítorí pé ẹni tí mo bá sọ ọ́ fún lójúkojú máa ń sáré tù mí nínú kí n tó sọ ọ́ délẹ̀.

Ọdún 3 àti oṣù 4 ni mo fi tọ́jú bàbá mi lórí ibùsùn. Àrùn rọpárọsẹ̀ gba ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ọ̀tún wọn, ó sì gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu wọn. Àwọn oníṣègùn ní kí a máa yí wọn padà ní wákàtí méjì-méjì kí egbò má baà dá sí wọn lára, èmi ni mo sì ń ṣe ti òru. Mo mọ bí a ṣe ń ki ọwọ́ bọ abẹ́ èjìká ẹni tí kò lè ran ara rẹ̀ lọ́wọ́, mo sì mọ̀ pé ara ènìyàn máa ń wúwo ní aago mẹ́ta òru ju bí ó ti ń wúwo lójú ọ̀sán lọ. Òru kan wà tí mo jágbe mọ́ wọn. Wọn kò ṣẹ̀ mí. Ọwọ́ òsì wọn tó ṣì lágbára ni wọ́n fi di etí aṣọ ibùsùn mú, wọn kò sì fẹ́ jọ̀wọ́ rẹ̀ nígbà tí mo fẹ́ yí wọn. Lẹ́yìn igbe mi, wọ́n tú ìka wọn sílẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì ń wo ojú mi bí ọmọdé ti ń wo ẹni tó fẹ́ nà án. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, bóyá wọ́n ti gbàgbé, bóyá wọ́n sì ti dárí jì mí. N kò lè béèrè, wọn kò sì lè sọ.

Láti ìgbà tí wọ́n ti lọ, ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń sọ fún mi ni pé ìyà náà ti sọ mí di ènìyàn gidi, pé wúrà tí kò bá la iná kọjá kì í mọ́. Mo ń dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, ṣùgbọ́n mo mọ ohun tí mo rí nínú ara mi. Ní oṣù tó kọjá, ẹnìkan tí a ti jọ ń ṣiṣẹ́ láti ọdún 6 sẹ́yìn jókòó tì mí, ó ń sunkún nítorí àìsàn ọmọ rẹ̀, èrò tó sì kọ́kọ́ sọ sí mi lọ́kàn ni pé, "Kí ni èyí já mọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun tí ojú mi ti rí?" Ẹnu mi bá a kẹ́dùn, ṣùgbọ́n inú mi le koko. Ní alẹ́ ọjọ́ náà, ẹ̀rù ara mi bà mí.

Ìbéèrè mi nìyí. Bí ó bá jẹ́ òótọ́ ni pé ìyà máa ń kọ́ni, kí ni ó wá kọ́ mi? Bí ó bá sì jẹ́ pé ńṣe ni ó ba nǹkan kan jẹ́ nínú mi, ǹjẹ́ ẹni tó ti pé ọdún 46 lè yí ìwà rẹ̀ padà, tàbí àárẹ̀ lásán ni a máa ń pè ní ìyípadà?

Olùkọ́ Àná:

Ẹ kú àṣẹ̀yìndè bàbá, Olùṣọ́ Òru. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí n gba inú èdè wa wọ ọ̀rọ̀ náà, nítorí mo gbà pé èdè wa ti rí ohun tí ẹ ń béèrè. A máa ń sọ pé "ìyà ń jẹ mí," a sì máa ń sọ pé "mo ń jìyà," èyí tí í ṣe "mo ń jẹ ìyà." Ọ̀rọ̀-ìṣe kan náà ni ó wà nínú gbólóhùn méjèèjì, ṣùgbọ́n ẹni tí ń jẹ àti ohun tí a ń jẹ ti pààrọ̀ àyè. Nínú ti àkọ́kọ́, èmi ni oúnjẹ. Nínú ti ìkejì, èmi ni mo ní eyín. Mo rò pé púpọ̀ nínú àríyànjiyàn tí àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ti ṣe lórí ìyà láti ayébáyé kò ju pé èwo nínú gbólóhùn méjèèjì yìí ni ó jẹ́ òótọ́ nípa ọmọ ènìyàn.

Epictetus, tó jẹ́ ẹrú ní Róòmù kí ó tó di olùkọ́, wà lẹ́yìn gbólóhùn kejì. Ó ní àwọn nǹkan kan wà ní ìkáwọ́ wa, bí ìpinnu wa àti ojú tí a fi ń wo ohun tó ṣẹlẹ̀, àwọn mìíràn kò sì sí ní ìkáwọ́ wa, bí ara, ohun ìní àti iyì lójú àwọn ènìyàn. Ẹni tó bá mọ ààlà tó wà láàárín wọn, ìyà kò ní rí i jẹ tán. Marcus Aurelius, tó jọba Róòmù láti ọdún 161 títí di ọdún 180, mu nínú omi ẹ̀kọ́ kan náà, n kò sì lè fojú kékeré wo ẹ̀kọ́ tí ẹrú àti ọba jọ rí lò. Ẹ̀kọ́ Buddha náà kò jìnnà sí i: ó fi ìrora ara wé ọfà tó ba ènìyàn, ó sì fi ìbínú àti ìdárò tí ọkàn ń kó lé ìrora náà lórí wé ọfà kejì. Ọlọ́gbọ́n a máa jẹ oró ọfà kan ṣoṣo.

Ṣùgbọ́n Simone Weil, obìnrin ará Faransé tó kú ní ọdún 1943 ní ẹni ọdún 34, kò gbà pé ọ̀rọ̀ náà rọrùn tó bẹ́ẹ̀. Olùkọ́ ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ ni, ó sì fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ ní ọdún 1934 láti lọ ṣe lébìrà nídìí ẹ̀rọ, kí ó lè fi ara rẹ̀ mọ ohun tí ó ń sọ. Ó ya ìrora lásán sọ́tọ̀ kúrò lára ìpọ́njú tí ń wọnú ọkàn lọ. Irú ìpọ́njú bẹ́ẹ̀, ní tirẹ̀, máa ń mú kí ẹni tó wà nínú rẹ̀ kórìíra ara rẹ̀, bí ẹni pé òun gan-an ni ó ṣẹ ẹ̀ṣẹ̀ tí ìyà náà tọ́ sí. Ẹni tó bá ti dé ibẹ̀ kò sí ní ipò ẹni tí ń jẹ nǹkan mọ́. Òun ni a ń jẹ.

Òwe wa kan ní ẹni tó jìn sí kòtò kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Ẹ wò ó dáadáa. Ará yòókù ni ó gbọ́n. Òwe náà kò sọ pé ẹni tó wà nínú kòtò gbọ́n. Bóyá ọ̀nà àtijáde ni òun ṣì ń wá. Nítorí náà, èmi kò ka ìyà sí olùkọ́ rárá. Ìrònú ni í kọ́ni, bí ìyà bá fi àyè sílẹ̀ fún un, bí ọ̀rọ̀ náà "ìrònúpìwàdà" ti wí fúnra rẹ̀: a ronú, a sì pa ìwà dà. Bí ẹ ti wo inú ara yín ní alẹ́ ọjọ́ náà tí ẹ̀rù sì bà yín, ìrònú náà ti bẹ̀rẹ̀.

Nọ́ọ̀sì Tó Fẹ̀yìntì:

Mo kí yín, Olùṣọ́ Òru, mo sì kí Olùkọ́ wa. Mo fara mọ́ ọ̀pọ̀ nínú ohun tí wọ́n sọ, àyàfi ti pé ìrònú ni í kọ́ni. Ọdún 31 ni mo fi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn aláìsàn, mo sì ti rí àwọn tí wọ́n ronú títí tí ìwà wọn kò yẹ̀ ní ìwọ̀n ìka kan.

Láàárín ọdún 1990 sí 1999, àwọn onímọ̀ nípa ọkàn méjì ní Amẹ́ríkà, Richard Tedeschi àti Lawrence Calhoun, fún ìdàgbàsókè tí àwọn ènìyàn kan máa ń sọ pé àwọn rí lẹ́yìn àjálù ní orúkọ tirẹ̀. Ní ọdún 1996, wọ́n tẹ ìwé ìbéèrè oní-gbólóhùn 21 jáde láti fi wọ̀n ọ́n: bóyá ènìyàn túbọ̀ mọ iyì ẹ̀mí, bóyá ó túbọ̀ súnmọ́ àwọn ẹlòmíràn, bóyá ó rí agbára tí kò mọ̀ pé òun ní. Ohun tí àwọn ènìyàn máa ń gbàgbé nínú iṣẹ́ wọn ni pé àwọn fúnra wọn tẹnu mọ́ ọn pé kì í ṣe àjálù náà ni ó ń mú ìdàgbàsókè wá, bí kò ṣe ìjàkadì ẹni náà pẹ̀lú ohun tí àjálù ṣe sí ayé rẹ̀, àti pé ìdàgbàsókè àti ìrora lè jọ máa gbé inú ẹnì kan ṣoṣo. Àwọn olùwádìí mìíràn sì ti ṣàkíyèsí pé ohun tí ènìyàn bá sọ pé ó yí padà nínú òun kì í fìgbà gbogbo bá ohun tó yí padà ní tòótọ́ mu. Nítorí náà n kò lè gbára lé ohun tí àwọn tó ń kí yín ń sọ nípa wúrà àti iná, bí inú wọn tilẹ̀ dára.

Ẹ jẹ́ kí n ṣe ìṣirò kan. Ọdún 3 àti oṣù 4 lé ní òru 1,200. Bí ẹ bá yí bàbá padà ní ẹ̀ẹ̀mẹ́rin lóru, ó ti súnmọ́ ìgbà 5,000. N kò ṣe ìṣirò yìí láti fi bo òru kan tí ẹ jágbe mọ́lẹ̀. Mo ṣe é nítorí pé ohun tí ènìyàn bá ṣe ní ìgbà 5,000 ti wọ̀ ọ́ lára. Ọwọ́ yín ti kọ́ ohun kan tí ọkàn yín kò tíì kà sí ẹ̀kọ́. Ohun tí ẹ kọ nípa kíki ọwọ́ bọ abẹ́ èjìká, ẹni tí kò ṣe é rí kò lè kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe ìyà ni ó kọ́ ọwọ́ yín. Iṣẹ́ náà ni.

Ṣùgbọ́n iṣẹ́ kejì wà tí ẹ ń ṣe ní òru kan náà, tí ẹnikẹ́ni kò sì rí. Nígbàkígbà tí oorun ń kùn yín, tí ẹ̀yìn ń ro yín, tí ẹkún sì wà lọ́fun yín, ńṣe ni ẹ ń gbé e mì kí ẹ lè parí ohun tó wà lọ́wọ́ yín. Ẹni tó bá ti gbé ẹkún ara rẹ̀ mì tó bẹ́ẹ̀, kò yà mí lẹ́nu bí ẹkún ẹlòmíràn kò bá tètè rí ọ̀nà wọlé sí i. Mo rí i lára èmi àti àwọn tí a jọ ṣiṣẹ́: bí ọwọ́ wa ṣe ń rọ̀ sí i lọ́dọọdún ni ojú wa ń gbẹ sí i. Òru kan náà ni ó bí méjèèjì. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ẹni tó ní àwọn ọdún náà sọ yín di ẹni rere kò parọ́, ẹ̀yin tí ẹ ní ó sọ yín di ẹni líle, ẹ kò parọ́.

Ní ti ìbéèrè yín kejì, ọjọ́ orí kò dí ọ̀nà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í yá. Ní ọdún 2010, ìwé ìròyìn àwọn onímọ̀ gbé àbájáde iṣẹ́ kan jáde tí àwọn olùwádìí ní University College London ṣe pẹ̀lú ènìyàn 96, tí ẹnì kọ̀ọ̀kan yan ìṣe kékeré kan tí yóò máa ṣe lójoojúmọ́. Ní ìpíndọ́gba, ọjọ́ 66 ni ó gbà kí ìṣe náà tó mọ́ wọn lára, ṣùgbọ́n ti ẹlòmíràn yá ní ọjọ́ 18, ti ẹlòmíràn sì lè tó ọjọ́ 254. Bí ẹnìkan bá sì pa ọjọ́ kan jẹ, ìyẹn kò ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Mo mọ̀ pé ìwà jinlẹ̀ ju kí ènìyàn máa rántí mu ife omi kan lọ, ṣùgbọ́n ara kan náà ni a fi ń kọ́ méjèèjì. Ẹ yan ohun kékeré kan: bí ẹnìkan bá ń sọ ìrora rẹ̀ fún yín, ẹ bi í ní ìbéèrè kan sí i kí ẹ tó sọ ohunkóhun nípa ara yín. Ẹ má dúró kí ọkàn kọ́kọ́ rọ̀. Nígbà tí ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í yí bàbá padà, ṣé ọkàn yín ni ó kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n ṣe, àbí ọwọ́ yín?

Abíyamọ:

Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ka ọ̀rọ̀ yìí kí n tó lè kọ nǹkan kan. Ọmọ mi ọkùnrin kú ní ẹni ọdún 9. Ó ti di ọdún 11 báyìí.

Ẹ̀yin àgbà, mo bọ̀wọ̀ fún yín, ṣùgbọ́n ó dà bí ẹni pé gbogbo wa ń wá ibi tí ìyà ti wúlò, ìyẹn sì ni ọ̀nà tí wọ́n fi dá mi lágara nígbà tèmi. Kò sí ohun tí àwọn ọdún wọ̀nyẹn fi kún mi tí n kò ní dá padà lónìí bí wọ́n bá ní kí n wá gba ọmọ mi. Nígbà tí Jóòbù wà nínú eérú, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ mẹ́ta jókòó tì í lórí ilẹ̀ fún ọjọ́ 7 àti òru 7, ẹnikẹ́ni kò sọ̀rọ̀, nítorí wọ́n rí i pé ìbànújẹ́ rẹ̀ pọ̀. Ìgbà tí wọ́n la ẹnu láti ṣàlàyé ìdí rẹ̀ fún un ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fìyà kún ìyà rẹ̀. Emmanuel Levinas, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ kan ní Faransé tí àwọn Násì ilẹ̀ Jámánì pa ẹbí rẹ̀, kọ ọ́ ní ọdún 1982 pé ìyà kò wúlò fún nǹkan kan, àti pé nígbà tí mo bá ń wá àwíjàre fún ìrora ọmọnìkejì mi ni ìwà ìkà ti wọlé. Àyè kan ṣoṣo ni ó fi sílẹ̀: ìyà tèmi lè ní ìtumọ̀ bí ó bá jẹ́ pé nítorí ìyà ẹlòmíràn ni mo ṣe ń jẹ ẹ́. Mo di gbólóhùn yẹn mú, nítorí òun nìkan ni kò bú ọmọ mi.

Olùṣọ́ Òru, èrò tó sọ sí yín lọ́kàn nígbà tí ẹni yẹn ń sunkún, èmi náà ní in fún bí ọdún méjì. Bí ẹnìkan bá ní orí ń fọ́ òun, inú á bí mi. N kò gbà pé ìkà ni. Ohun tó ń dunni ni í pọ̀ lọ́rọ̀ ẹni, bí ọ̀rọ̀ náà kò bá sì rí etí tí yóò gbà á, inú ni yóò ti máa pariwo nígbà tí ẹlòmíràn bá ń sọ tirẹ̀. Ẹ̀yin gan-an ni ẹ kọ ọ́ pé wọn kì í jẹ́ kí ẹ sọ ọ́ délẹ̀.

Ó ku ohun kan, mo sì ń bẹ̀rù láti sọ ọ́, nítorí n kò fẹ́ kó jẹ́ ìtùnú àsáré. Nígbà tí ọmọ mi wà ní ilé ìwòsàn, tí ara rẹ̀ kò gbé e mọ́, ó máa ń di etí aṣọ ibùsùn mú nígbàkígbà tí a bá fẹ́ gbé e. Ó lè sọ̀rọ̀ ní tirẹ̀, mo sì bi í. Ó ní ó dà bí ẹni pé òun ń já bọ́ láti òkè. Nígbà tí mo ka ti ìka bàbá yín tó ń tú ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ohun tí mo rántí nìyẹn. N kò mọ ohun tó wà lọ́kàn wọn. Igbe tí ẹ ké sì wà níbẹ̀, n kò ní sọ pé kò tó nǹkan.

Olùkọ́ Àná:

Abíyamọ, ẹ kú ìrójú. Mo gba ohun tí ẹ wí, mo sì ń fà sẹ́yìn díẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ mi. Mo kọ gbólóhùn méjì nípa jíjẹ bí ẹni pé ènìyàn lè yan ọ̀kan, ṣùgbọ́n àwọn ọjọ́ kan wà tí ó jẹ́ pé ti àkọ́kọ́ nìkan ni ó wà nílẹ̀, ẹni tó bá sì ń kọ́ni ní ti ìkejì ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ wà lára ohun tí ń jẹ ẹni náà. Mo tún gbà fún Nọ́ọ̀sì pé nítorí pé ìrònú ni iṣẹ́ tí mo fi gbogbo ayé mi ṣe ni mo ṣe fi í ṣe olùkọ́. Ìgbà kò lọ bí òréré, ayé kò lọ bí ọ̀pá ìbọn. Mo ti ń sọ ọ́ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún, síbẹ̀ mo ṣì fẹ́ kí ọ̀nà kan ṣoṣo ṣe tààrà dé inú ìwà.

Ohun tí n kò tíì rí ojútùú rẹ̀ nìyí o: bí iṣẹ́ ni ó kọ́ ọwọ́ Olùṣọ́ Òru, kí ni ó mú wọn padà sídìí ibùsùn ní òru tó tẹ̀lé òru igbe yẹn?

Olùṣọ́ Òru:

Mo kí gbogbo yín, mo sì tọrọ àforíjì pé ó pẹ́ kí n tó dáhùn. Olùkọ́ wa, n kò mọ ohun tó mú mi padà. Aago dún, mo sì dìde. Bí mo bá sọ pé ìfẹ́ ni, n kò ní lè fi ọwọ́ sọ̀yà. Bí mo bá sọ pé kì í ṣe ìfẹ́, ìyẹn náà kò ní jẹ́ òótọ́.

Ọ̀rọ̀ Abíyamọ nípa dídi aṣọ ibùsùn mú ni n kò lè gbé kúrò lọ́kàn. N kò rò ó rí pé ó ṣeé ṣe kí ẹ̀rù máa ba bàbá mi. Fún ọdún 3 àti oṣù 4, mo rò pé agídí ni, nítorí wọ́n lágídí nígbà tí ara wọn le, mo sì rò pé òun nìkan ni àìsàn náà kò rí gbà lọ́wọ́ wọn. Ní alẹ́ tí mo kà á, mo dùbúlẹ̀ sórí ibùsùn wọn, mo fi ọwọ́ òsì di etí aṣọ mú, mo sì gbìyànjú láti yí ara mi láìlo apá ọ̀tún. Mo sunkún lọ́jọ́ náà, fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà ìsìnkú.

Ní òwúrọ̀ yìí, mo lọ bá ẹni tí a jọ ń ṣiṣẹ́, mo sì béèrè bí ara ọmọ rẹ̀ ti ń ṣe. Bí ó ti ń dáhùn ni ọ̀rọ̀ bàbá mi dé ẹnu mi, mo sì ti sọ odidi gbólóhùn kan kí n tó rántí ohun tí Nọ́ọ̀sì wa wí. Mo dákẹ́, mo ní kó má bínú, mo sì wá ìbéèrè mìíràn bi í. Orúkọ ọmọ náà ni mo béèrè, nítorí fún ọdún 6 tí a ti jọ ń ṣiṣẹ́, n kò mọ̀ ọ́n. Ó sọ ọ́ fún mi. Lẹ́yìn náà ó fa àga kan súnmọ́ tèmi, ó jókòó, ó sì bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ náà láti ìbẹ̀rẹ̀.